Fi Imú Kà Á Ná, Kí O Tó Fi Ẹnu Kà Á

Bí òjò bá ń rọ̀ wínníwínní ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, báyìí, tí mo jókòó sídìí fèrèsé, tí mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nítorí orúnkún, n kì í mọ ìgbà tí ojú mi ń kúrò lára bọ́ọ̀sì pupa tí ń lọ sí Rye Lane tí yóò sì bọ́ sórí ọ̀sà Èkó. Omi ni méjèèjì kúkú. Òjò tí ń ṣàn lára gíláàsì yìí àti ọ̀sà tí ń tàn yanranyanran lábẹ́ oòrùn ìyálẹ̀ta, wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ra wọn nínú orí mi, n kò sì ráyè yà wọ́n mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ayé yín ṣe, ẹ máa ń bi mí pé, "Mummy Jẹ́lé, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?" Ẹ rò pé mo kàn ń gba ọmọ olọ́mọ mú ni. Mo gbà wọ́n mú lóòótọ́, mo fún wọn ní ìrẹsì, mo nu imú wọn, mo sá ìbọ̀sẹ̀ wọn sórí irin tí ń mú ilé gbóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí dáadáa, n óò sọ pé iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti ọmọ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ṣí. Púpọ̀ nínú wọn, ẹnu wọn á ṣí fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí iṣu bá jinná lórí iná. Ọ̀kan wà tí tirẹ̀ ò fẹ́ ṣí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ibi tí iṣẹ́ náà ti wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Bàbá mi ní ilé-kéwú ti tó mi, pé bí mo bá lọ sí ilé-ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, wọn á yí mi lórúkọ padà. Ìyá mi ò bá a jiyàn. Ó kàn fà mí lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ sí Olówógbowó, ní erékùṣù Èkó, sọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tíṣà. Ó ní jẹ́lé-ó-sinmi nínú pálọ̀ rẹ̀. Kí n máa bá a gbálẹ̀, kí n máa wo àwọn ọmọ, kí n sì ti ibẹ̀ kọ́ ABD. Báyìí ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: jẹ́-ilé-ó-sinmi. Ọmọ kékeré tí ń fọ́ abọ́, tí ń da omi síná, a mú un jáde láàárọ̀ kí ilé lè sinmi. Bí gbogbo ènìyàn ṣe rò nìyẹn. Ìyá Tíṣà kì í gbà. Ó ní ilé tí ọmọ ti jáde kì í sinmi rárá, ó kàn ń retí ni.

Obìnrin náà le. Kò ní pàṣán o, n kò rí pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló fi ń jẹni níyà. Bí o bá fi itọ́ nu síléètì, ìyẹn pátákó òkúta dúdú kékeré tí à ń kọ̀wé sí, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀. Á kàn ti gbogbo síléètì ilé síwájú rẹ, wàá fi omi àti ewé fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá tò wọ́n sójú fèrèsé kí atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ sí wọn. Mo fọ síléètì títí mo fi mọ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan wà tí igun rẹ̀ ti kán. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé wọ́n gé e fún mi.

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n la ẹnu kọ́ ọmọ kankan. Ó ní etí mi ò tíì jinná. Ohun tó ń fún mi ṣe ni pé kí n kùn. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní orin nínú: dò nísàlẹ̀, re láàárín, mí lókè. Ìyá Tíṣà á tẹ́ ẹní, á kọjú sí ògiri, á ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan kí n fi imú kùn ún láìla ẹnu. Bí mo bá kùn ún dáadáa, á mọ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn. Bí mo bá ṣì í, á dákẹ́ títí n óò fi tún un ṣe.

"Fi imú kà á ná, kí o tó fi ẹnu kà á," ọ̀rọ̀ tó ń sọ nìyẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án.

Mo rántí ọjọ́ tó gbé mi lọ sórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra. Mo kùn re-mí. Ó ní, "Ọwọ́. Nà án jáde kí n rí i." Mo kùn re-dò. Ó ní, "Ọwọ̀. Gbé e wá, kí o fi gbálẹ̀." Mo kùn dò-dò. Ó ní, "Ọ̀wọ̀. Èyí ò sí lórí ẹní. Ibo lo ti máa rí i?" Mo ní mi ò mọ̀, mà. Ó ní, "Kúnlẹ̀, wàá rí i."

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá, ìtàn ni. Bí ó bá di ọ̀sán, tí àwọn ọmọ ti sùn sórí ẹní bí ẹja tí wọ́n sá, Ìyá Tíṣà máa ń sọ ọ́ fún mi ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ á sì lọ sọ́nà jíjìn. N kò mọ̀ bóyá èmi náà kì í sùn láàárín rẹ̀, torí nígbà mìíràn mo máa ń rí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tí wọ́n ń rìn nínú pálọ̀.

Ó ní ìyá tó bí ìyá òun, Sàró ni. Wọ́n ń pè é ní Mìsíìsì. Wọ́n ti kó àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rú nígbà kan, ọkọ̀ òyìnbó sì gbà wọ́n lójú òkun, ó já wọn sí Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ayaba òyìnbó ti ń jọba lórí Èkó, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà wálé. Ó mọ̀wé, ó mọ aṣọ rán, ó mọ dùùrù tẹ̀. Yorùbá nìkan ni kò mọ̀ tó. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ti dà nù lójú òkun; bó bá ń sọ ọ́, bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ sínú igbá ni.

Láàárọ̀, Mìsíìsì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nínú pálọ̀ tirẹ̀: ìwé kíkà, ìṣirò, abẹ́rẹ́. Ọmọ àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ó wá wò ó pé àwọn ọmọ mùsùlùmí inú ìlú kì í wá sí ilé-ìwé, torí ẹ̀rù tó ń ba bàbá tèmi náà ló ti ń ba bàbá wọn. Ó ní òun á lọ bá wọn nílé, òun á kọ́ wọn láìkọ orin ìsìn kankan. Ó múra, ó wọ aṣọ gígùn, ó dé fìlà tó ní ìyẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó ní ọmọbìnrin púpọ̀. Ó ti fi gbogbo ọ̀nà kọ́ bí yóò ṣe kí i. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní:

"Bàbá, mo fi ọwọ̀ kí yín."

Ẹ wò ó. Ọ̀wọ̀ ló ní lọ́kàn, ọwọ̀ ló jáde. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin Yorùbá kì í fẹ́ kí ọwọ̀ kan ara òun. Bàbá sún aga sẹ́yìn. Ó ní, "Ọwọ̀ kẹ̀? Kí ni mo jí nílé bàbá rẹ?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mìsíìsì tún un sọ, ọwọ̀ náà ló tún jáde. Ìgbà tí ojú ti fẹ́ tì í kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló fara pamọ́, tó ń fi imú kùn ún sí i: dò-dò. Dò-dò. Mìsíìsì tẹ́tí, ó kùn ún tẹ̀lé e, ó wá la ẹnu. Ọ̀wọ̀ ló jáde. Bàbá ní tí ọmọ òun bá lè kọ́ tíṣà, kí tíṣà náà wá máa kọ́ ọmọ òun. Bí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nínú pálọ̀ Mìsíìsì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kíkùn sì di àṣà ilé náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Tíṣà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ èmi.

Mo ti gbó sínú iṣẹ́ náà, mo ti ń kọ́ ọmọ fúnra mi, nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Àrùn ẹ̀gbà kọlu Ìyá Tíṣà. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó ọmọ wọn. N kò bá wọn wí. Ta ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà tí kò lè sọ̀rọ̀, àti ọmọbìnrin tí kò kàwé? Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń sá káàkiri pálọ̀ bí adìyẹ tí wọ́n tú sílẹ̀, èmi ń sunkún sínú ìgbálẹ̀. Ìyá Tíṣà jókòó sórí aga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó wò wá títí. Ó wá kùn: re-mí-dò-mí.

Gbogbo àwọn ọmọ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jókòó ni. Ẹ kùn ún wò. Ẹnu ti lọ, imú ṣì wà. Àwọn òbí ojú ọ̀nà wo ara wọn, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é títí Ọlọ́run fi gbà á: òun ń kùn láti orí aga, èmi ń fi ẹnu sọ ohun tó kùn. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, síléètì tí igun rẹ̀ kán ni mo bèèrè. Wọ́n ní ṣé ìyẹn nìkan? Mo ní ìyẹn nìkan.

Ọkọ mi ti ṣáájú wá sí Lọ́ńdọ̀nù wá kàwé, mo bá a wá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Aylesbury la kọ́kọ́ gbé, lókè ilé gogoro lọ́hùn-ún, tí ènìyàn á fi máa rí òrùlé ilé bí ìgbì omi. Mo gbá ilé iṣẹ́ fún àwọn òyìnbó, mo fọ abọ́ fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ tì mí bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan di méjì, méjì di pálọ̀ tó kún. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, wá wò mí, wọ́n ní kí n fi géètì sí àtẹ̀gùn, kí n gbé ọṣẹ sókè, wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ. Owó rẹ̀ bọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí a kó wá sí Peckham, orúkọ ti bá mi dé ibẹ̀: Mummy Jẹ́lé.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ní Èkó, síléètì. Ní Aylesbury, bébà àti kíréyọ̀n. Lẹ́yìn náà ni pátákó funfun tí wọ́n fi máàkà kọ. Lónìí, ọmọ tí kò tíì mọ ìdí nù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ta fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bú ẹ̀rọ. Èmi kì í bú u. Fóònù ló jẹ́ kí ọmọ Peckham kùn sí etí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kí ìyẹn sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹ̀rọ kì í dúró de ọmọ. Ó ń sọ tirẹ̀ lọ ni. Onísùúrù ló sì ń fún wàrà kìnnìún.

Ó ku Àjọkẹ́, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ò fẹ́ ṣí.

Ìyá rẹ̀, Ràmọ́tà, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ọ̀nà Deptford. Ó mú ọmọ náà wá ní àárọ̀ òtútù kan, ọmọ tó ti ń sún mọ́ ìgbà ilé-ìwé, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò gbin, kò ké, kò pe ìyá, kò pe bàbá. Ìyá ọkọ Ràmọ́tà ló ti wá tọ́ ọmọ náà fún wọn láti kékeré; òun ló ń fi Yorùbá bá a ṣeré, òun ló sọ ọ́ ní Àjọkẹ́. Ìgbà tí físà ìyá àgbà parí, ó padà sílé. Ọ̀rẹ́ Ràmọ́tà kan wá gbà á nímọ̀ràn pé èdè méjì ló ń so ọmọ náà ní ahọ́n, pé kí wọ́n gbá Yorùbá kúrò nílé. Wọ́n gbá a. Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn ti dákẹ́. Ilé náà sinmi jù.

"Mummy Jẹ́lé, ẹ jọ̀ọ́," Ràmọ́tà ní, "English nìkan ni kẹ́ ẹ máa bá a sọ o. Kó má tún dàrú sí i."

Mo ní, "Ràmọ́tà, bí mo bá fi irú gẹ̀ẹ́sì tí mo ní bá a sọ̀rọ̀, ó tọ̀nà kí ó dákẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti pẹ́ tí ó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, torí ó yà á lẹ́nu.

Klíníìkì ń rán ọmọbìnrin òyìnbó kan wá sí ilé mi láti wá wò ó, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Jẹ́nì ni mò ń pè é. Ó máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í kánjú. Ọjọ́ kan ló gbójú sókè, ó bi mí pé orin wo ni Àjọkẹ́ ń kọ yẹn, pé òun ti ṣàkíyèsí pé ìgbà tó bá dúró níbi ẹ̀rọ omi ló máa ń kọ ọ́. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé orin tẹlifíṣọ̀n ni. Mo wá tẹ́tí.

Ọmọ náà dúró síbi ẹ̀rọ omi nínú kíṣíìnì, ẹnu rẹ̀ pa mọ́ pinpin, ó ń kùn: re-mí-re-mí-re.

Ọ̀sà Èkó wọ inú kíṣíìnì mi lọ́jọ́ náà, mo rí ojú fèrèsé, mo rí síléètì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. "Ẹ fún mi lómi" ni ọmọ náà ń kùn. Ẹ sì wò ó, "ẹ" ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó kùn re-mí.

Ẹ ṣé.

Mo sọ fún Jẹ́nì. Ó ní kí n tún un kùn, ó kùn ún tẹ̀lé mi, ojú rẹ̀ ń tàn. Ṣùgbọ́n kò tàn mí jẹ. Ó ní kí ìgbà ẹ̀rùn tó parí, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́. Bí wọn ò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n máa fi í sí ilé-ìwé mìíràn, tó jìnnà, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé tó dára ni, ó ní. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wà láàárín àwọn tó dákẹ́, ó lè má rí ẹni tí yóò kùn dá a lóhùn. Òun á kọ ọ̀rọ̀ kíkùn náà síwájú wọn. Òun ò rò pé wọ́n á kà á sí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ràmọ́tà dé láti ibi iṣẹ́ tí mo sì kùn ún fún un, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó ní ìyá ọkọ òun ló máa ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tó bá ní "fún mi lómi" kò ní rí omi mu, àfi tó bá ní "ẹ". Ó sunkún díẹ̀. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, "Àjọkẹ́," fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó kùn dò-re-mí. Orúkọ rẹ̀ ni. Ó ń jẹ́ ẹ.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo máa ń mú un lọ sí Rye Lane lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Ọjọ́ kan, a dúró síbi tí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja àti ti oníṣu ti kángun síra wọn, ó fa aṣọ mi, ó kùn re-re. Ẹlẹ́ja, ọkùnrin aláwàdà kan láti Ìlọrin, ti mọ̀ ọ́n; ó ní, "Àjọkẹ́ ọmọ mi, ẹja lo wí?" ó sì na orí ẹja ńlá kan sí i. Ọmọ náà sá sẹ́yìn mi, inú bí i. Iṣu ló fẹ́. Ẹ kùn ún wò: ẹja, re-re, iṣu, re-re, omi pàápàá, re-re. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, orúnkún mi ń ké. Mo ní, "Imú ló mọ orin, ẹnu ló mọ orúkọ. Bí iṣu lo bá fẹ́, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ bá mi débẹ̀."

Ó wo ẹnu mi títí. Nígbà tó ṣe, ètè rẹ̀ ṣí, ó ká jọ, ó ṣe iṣu. Ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Mo ra iṣu fún un, ìdajì ọ̀nà ti tán. Láti ọjọ́ náà, imú ń ṣe tirẹ̀, ẹnu ń ṣe tirẹ̀, àwọn méjèèjì ò tíì pàdé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀rùn ń lọ.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo sọ ìtàn Mìsíìsì fún àwọn ọmọ. Jẹ́nì wà níbẹ̀, àwọn tó dàgbà díẹ̀ lára wọn ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ibi tí Mìsíìsì ti fi ọwọ̀ kí bàbá, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Àjọkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, láìsí ohùn, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìgbà tí Jẹ́nì máa wá gbẹ̀yìn kí wọ́n tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Ràmọ́tà gba àyè níbi iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wà lórí ẹní. Àjọkẹ́ jókòó sí igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀ mi. Jẹ́nì wọlé, ó bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, ó ti kọ́ ọ wá láti ilé.

"Mummy Jẹ́lé," ó ní, "mo fi ọwọ̀ kí yín."

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Láti igun, mo gbọ́ ọ: dò-dò.

Jẹ́nì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún un sọ. "Mo fi ọwọ̀ kí yín."

Dò-dò. Ó le díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo yíjú wo Àjọkẹ́. Ó ti dìde. Iwájú orí rẹ̀ ká jọ bíi ti ìyá àgbà tí wọ́n ra ẹ̀fọ́ tó ti rọ fún.

Jẹ́nì tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ̀.

"Ọ̀wọ̀," Àjọkẹ́ ní. "Ọ̀wọ̀ ni. Ìgbálẹ̀ kọ́."

Ohùn náà há, ó rí bí ilẹ̀kùn tí a ò tíì ṣí láti ọdún tó kọjá. Mo gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹ̀rù má bà á. Pálọ̀ dákẹ́ lọ bí ọ̀sà tí atẹ́gùn ti fi sílẹ̀. Jẹ́nì kùn ún nínú imú rẹ̀, dò-dò, ó wá là á.

"Ọ̀wọ̀," ó ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Àjọkẹ́ ní, ó sì jókòó.

Ràmọ́tà kọjá láàárín wa. Ó mú ìgbálẹ̀ nígun yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ níbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan. A fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ní láti ṣe nǹkan.

N kò mọ̀ títí dòní bóyá Jẹ́nì ṣèèṣì ni tàbí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀. Mo bi í nígbà kan, ó kàn ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ Mìsíìsì, bóyá ju èmi lọ.

Àjọkẹ́ lọ sí ilé-ìwé ìsàlẹ̀ òpópónà wa, tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Lónìí, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ mọ́, ó ń sọ òyìnbó bíi ti àwọn ọmọ Peckham, tí n kì í gbọ́ ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ Jẹ́nì ló ń kọ́ ní yunifásítì báyìí. Nígbà tó sọ fún mi, mo ní ṣé ó dá a lójú, pé iṣẹ́ náà kì í pariwo, pé ènìyàn lè jókòó ti ọmọ kan títí ìdí yóò fi kú. Ó ní, "Mummy, mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí." Mo lọ mú síléètì tí igun rẹ̀ kán wá láti inú àpótí, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

N kì í gba ọmọ mú mọ́. Orúnkún ti kọ̀. Pálọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Tíṣà wí ni mo ń rí: ilé ò sinmi, ó ń retí ni. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá jókòó sídìí fèrèsé báyìí tí òjò ń ṣàn lára gíláàsì, n óò gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kì í kan ilẹ̀kùn. Á dúró níta, á pa ẹnu mọ́, á kùn dò-re-mí.

Èmi náà á kùn ún padà sí i láti orí aga, n óò wá dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn.